Ìbọn Tó Bá Apá Mereana Mu

Mereana ti gba ìwé àṣẹ ìbọn, kò sì ní ìbọn. Ẹni tó lórí kò ní fìlà. Ìbọn ọkọ rẹ̀, Paora, ti lọ láti ọdún tó kọjá, torí pé nígbà tí ọkùnrin náà kú, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí òfin gbà láyè láti tọ́jú ìbọn, ni Mereana bá tà á fún ẹni tí òfin gbà fún. Ó sunkún ìbọn yẹn bí ẹni pé òkú kejì ni wọ́n tún gbé jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nínú igbó Te Urewera tiwa níbí, ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré, òun ló ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Wàyí o, Ọdún Àjíǹde ti ń bọ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ṣí aṣọ lójú òkúta sàréè Paora. Gbogbo ẹbí ló máa wá, láti Auckland, láti Wellington, títí dé Australia. Marae, àgbàlá ìpàdé ẹbí wa, ni wọ́n máa sùn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa jẹun. Láti ìgbà tí Paora ti di géńdé ni ẹran igbó tí wọ́n fi ń ṣàlejò ní marae yẹn ti ń ti ilé rẹ̀ jáde. Mereana wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé ẹran àgbọ̀nrín tí àlejò máa jẹ lọ́jọ́ òkúta ọkọ òun, ilé ọkọ òun náà ni yóò ti jáde, ọwọ́ òun ni yóò sì ti wá. Àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní adìyẹ dídì ti ṣọ́ọ̀bù ni opó náà máa rù wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mereana wọra.

Rewi, ẹ̀gbọ́n Paora, ló wakọ̀ gbé e lọ sí Rotorua kó lọ ra ìbọn. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni Rewi, apá rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ó ti kọ́kọ́ bẹ Mereana pé kó jẹ́ kí òun bá a pa ẹran náà kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Mereana kọ̀. Rewi ní ó dáa, bí òun ò bá ní pa ẹran, ó kéré tán òun ni òun máa yan ìbọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé títí wọ́n fi wọ ìlú, ọ̀rọ̀ ìbọn ló ń sọ, kò mí.

Kí wọ́n tó kí ẹni tó ń tajà tán, ó ti na ọwọ́ sí ìbọn ńlá kan, dúdú, gígùn, tí awò tí wọ́n fi ń wo ẹran lórí rẹ̀ tó ìgò ọtí. Ìbọn àti awò jọ wà nínú páálí kan, wọ́n sì ti dín owó rẹ̀ kù. Rewi ní irú èyí gan-an ni àwọn tó ń ṣọdẹ lórí òkè yìnyín ní Erékùṣù Gúúsù ń lò. Ó ní èèyàn lè fi ka ewé orí igi tó wà ní òdìkejì àfonífojì. Mereana gbé e. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ. Ó gbé e lé èjìká, ìdí ìbọn náà gùn kọjá apá rẹ̀, ńṣe ló ń na ọrùn kí ojú rẹ̀ tó bá awò. Wọ́n gbé orí àgbọ̀nrín kan kọ́ sára ògiri ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù, ó sì dojú awò kọ ọ́. Irun ló rí. Irun ṣáá, kò mọ̀ bóyá imú ni àbí ọrùn.

"Ó sún mọ́ ọ jù ni," Rewi wí. "Ohun ọ̀nà jíjìn nìyẹn."

"Nínú igbó tiwa, níbo lẹ ti rí ọ̀nà jíjìn?"

Rewi ń fọwọ́ pa ìbọn náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Òótọ́ sì lobìnrin náà sọ. Nínú igbó wa, ẹ̀yìn igi tó wà nítòsí rẹ gan-an ni àgbọ̀nrín máa ń dúró sí, bí ìkùukùu bá sì sọ̀ kalẹ̀, o ò ní rí ajá tó ń bá ọ rìn. Kí lèèyàn fẹ́ fi awò tó ń wo ìlú òkèèrè ṣe níbẹ̀?

Ni Mereana bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìbọn dé ìbọn. Á gbé ọ̀kan, á dijú, á gbé e lé èjìká, á wá lajú wò bóyá ojú òun ti wà nínú awò láìjẹ́ pé ó ń wá a kiri. Bí Paora ṣe kọ́ ọ nìyẹn, igi ìgbálẹ̀ ló fi kọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, torí pé orí ìkúnlẹ̀ lèèyàn ti sábà máa ń yìnbọn nínú igbó. Àwọn oníbàárà ń wò ó. Rewi yíjú sí àwọn bàtà tí wọ́n tò sílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Igun kan ló ti rí èyí tó wù ú. Ìbọn kúkúrú, onígi, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ. Ọta rẹ̀ ò tóbi, kò sì kéré, ó tó àgbọ̀nrín pa, kò sì ní fọ́ èjìká ẹni tó yìn ín. Ó dijú, ó gbé e, ó lajú, ojú rẹ̀ sì ti wà níbi tó yẹ kó wà. Owó rẹ̀ kéré débi pé Rewi béèrè bóyá nǹkan kan ti bọ́ lára rẹ̀. Mereana wá fi gbogbo owó tó kù ra awò tí wọ́n máa dè mọ́ ọn. Awò kékeré ni, kì í fa nǹkan sún mọ́ni púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn fẹ̀, ó mọ́ gaara, wọ́n sì dí i débi pé ìrì ò lè wọ inú rẹ̀. Awò wọ́n ju ìbọn lọ. Ẹni tó ń tajà bá a dè é mọ́ ìbọn náà.

Inú ọkọ̀ ni Rewi ti bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó wa, ìbọn ọmọdé lo rà. Ṣé wọ́n fún ọ ní súìtì mọ́ ọn?"

"Wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n fi dí yín lẹ́nu."

Rewi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo abúlé nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ọkùnrin ń bi Mereana bóyá omi ló ń ti ẹnu ìbọn náà jáde. Mereana lọ gbé páálí sí ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn ilé, ó ń yìnbọn sí i títí ọta fi ń bọ́ síbi tó bá fẹ́.

Àsìkò tí akọ àgbọ̀nrín ń ké wá abo nìyí, igbó ń dún kíkankíkan. Ọdẹ náà a máa ké. Kálukú ní fèrè ọ̀pá tó fi ń sín akọ jẹ, kí akọ gidi lè bínú wá bá a. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pín àfonífojì láàárín ara wa kí àsìkò náà tó dé, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ ti ẹnìkejì, torí ohùn ọdẹ lè tan ọdẹ. Rewi ló pín in lọ́dún yìí. Ó fún Mereana ní ti ìlà oòrùn, tí Paora máa ń lọ, ó sì mú ti ìwọ̀ oòrùn.

Mereana lọ, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọdún Àjíǹde ti kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa fi òkúta gbígbóná se oúnjẹ nínú rẹ̀. Mákere, ìyá Paora àti Rewi, kì í bi í léèrè ohunkóhun. Láti ìgbà tí ìyá náà ti sin àbúrò nínú ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á kàn wo ọwọ́ Mereana, á sì padà sídìí ọ̀dùnkún tó ń bó. Ìyẹn ló ń dun Mereana jù. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fọn fèrè, nǹkan kan sì dá a lóhùn. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó tún fọn, ohùn náà tún dáhùn, ó ti sún mọ́ tòsí. Ó kúnlẹ̀. Láàárín ewé tútù tó ga dé àyà, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń mì bọ̀, ẹ̀ka igi gbígbẹ yọ lókè rẹ̀ bí ìwo. Ìbọn ti dé èjìká, ojú ti wọ awò. Gbogbo ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, ẹran àlejò, iyì ọkọ rẹ̀, ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn. Ìka rẹ̀ fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n awò náà fẹ̀. Ó rí ohun pupa náà, ó rí ewé tó yí i ká, ó rí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó sì rí okùn bàtà. Àgbọ̀nrín wo ló ń so okùn bàtà?

Ó rọra yí ẹnu ìbọn sí ilẹ̀, ó yọ ọta kúrò, ó wá pariwo pé ta nìyẹn. Ewé ṣí, Rewi ló dìde, nínú ẹ̀wù òwú pupa rẹ́súrẹ́sú, láìsí aṣọ àwọ̀ ọsàn tí ọdẹ máa ń wọ̀ kí wọ́n lè rí i. Nígbà tó rí ìbọn lọ́wọ́ Mereana, ó yé e. Ojú rẹ̀ di eérú. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pín àfonífojì," Mereana wí. "Ẹ̀yin náà lẹ wá da àdéhùn?"

"Mo rò pé o ò ní rí kankan pa ni. Mo fẹ́ pa ọ̀kan, kí n tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà rẹ. Fèrè rẹ ni mo gbọ́ tí mo pè ní akọ."

"Kí n wá máa purọ́ lórí sàréè ọkọ mi?"

Rewi bú sẹ́kún, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn yẹn, bí ọmọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ìyá àwọn. Mereana ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń lọ sílé, òun ò fẹ́ rí ìbọn mọ́. Rewi ni ò gbà. Ó ní ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kóun yìnbọn ni igbó yìí ń wá, pé bó bá lọ sílé báyìí, ìbẹ̀rù á jókòó sí i lọ́wọ́ títí ayé. Mereana bọ́ fìlà àwọ̀ ọsàn tirẹ̀ fún un kó fi dé orí kí wọ́n má baà yìnbọn lù ú lọ́nà, Rewi sì sọ̀ kalẹ̀, òun sì dúró sùn sínú igbó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, akọ ńlá kan ti inú ìkùukùu jáde, ó dúró ní gbangba létí odò. Mereana wò ó láti ìwo dé pátákò, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tó fa ìbọn. Ẹ̀ẹ̀kan ló yìn ín. Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹran náà, ó sọ fún Paora pé ó ti tán o, ó sì sunkún ayọ̀. Rewi ló wá bá a ru ẹran náà délé, kò sì ṣe àwàdà kankan lọ́nà.

Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ kì í jẹ nínú ẹran tó kọ́kọ́ pa. Gbogbo rẹ̀ ló ń fi tọrẹ. Lọ́jọ́ òkúta Paora, Mereana ń gbé àwo ẹran kiri fún àlejò, òun fúnra rẹ̀ ò fi kan ẹnu. Gbọ̀ngàn oúnjẹ kún, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lá ọwọ́, gbogbo wọn ń kí i kú iṣẹ́, títí kan àwọn tó sọ̀rọ̀ adìyẹ dídì. Ni Rewi bá dìde, ó fi ṣíbí lu ife.

"Ẹran tó pa kọ́ ni kí ẹ kí i fún," ó wí. "Èyí tí kò pa ni kí ẹ kí i fún. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́, àti bí òun ṣe fi ìbọn náà ṣe yẹ̀yẹ́, àti bí òun ṣe da àdéhùn. Mákere dìde nídìí tábìlì rẹ̀. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó kọ́kọ́ fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu àwo na Rewi léjìká, ó tún nà án lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Mereana, ó di ojú rẹ̀ mú, ó fi imú kan imú rẹ̀ bí a ṣe ń kí ẹni ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

"Ilẹ̀ ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ó wí. "Ìwọ lo dá èkejì sí."

Ó fa àga wá, ó ní kí Mereana náà jókòó. Wọ́n gbé àwo ẹran àgbọ̀nrín síwájú ìyá náà, ó sì rọra tì í sọ́dọ̀ àlejò tó wà nítòsí. Ó ní bí ẹnu ọmọ òun yìí ò bá ní kan ẹran náà lónìí, ti òun náà ò ní kàn án. Wọ́n bu ẹja àti ọ̀dùnkún sínú àwo kan, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́.