Iṣẹ́ Aago Méjìlá Ọ̀sán

Iṣẹ́ tí Olúwayẹ́misí ń ṣe kì í jẹ́ kó pẹ́ níbì kan. Kọ́ńpìnì kékeré kan ní Ìkẹjà ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló sì ń rán an lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà, Àgbárá àti agbègbè wọn. Bó bá dé ọ̀hún, á ṣètò kọ̀ǹpútà wọn kí àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọ́n tà lè máa fúnra rẹ̀ lọ sórí kíláòdù, níbi tí àwọn ọ̀gá wọn á ti máa rí i. Tí ẹnìkan bá bi í pé kí ni kíláòdù, á ní kò ju kọ̀ǹpútà ńlá ẹlòmíì tó wà níbi tó jìnnà lọ, tí èèyàn háyà àyè díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ètò náà bá ti dúró dáadáa, ó parí nìyẹn. Wọn kò ní pè é mọ́ àfi tí nǹkan bá bàjẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé nǹkan kì í sábà bàjẹ́.

Ìkìrun ni wọ́n ti bí i. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò rí ohun tó tún lè gbé e lọ síbẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ló gbà ní Àtàn-Ọ̀tà, ní ilé kan tí gbogbo àwọn ayálégbé ibẹ̀ máa ń jáde ní ìdájí lọ síṣẹ́, tí wọ́n sì máa ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó dá ohùn jẹnẹrétọ̀ kálukú wọn mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ju ti ẹnìkan tàbí méjì lọ.

Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ṣàngó, ọ́fíìsì sítọ̀ọ̀ ni wọ́n gbé àga sí fún un, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ náà wà. Obìnrin kan ló ń lo kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Mùíbátù ni orúkọ wọn, Ìyá Hajarat ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni wọ́n, opó ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ iye garawa ọ̀dà tí wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kò béèrè ohun tí Yẹ́misí wá ṣe. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun kì í jẹun ọ̀sán. Wọ́n ṣí kúlà wọn, wọ́n gbé ọ̀jọ̀jọ̀ márùn-ún sórí ìdérí rẹ̀, wọ́n sì tì í síwájú rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ náà kò le lójú Yẹ́misí. Ó la ọ̀nà láti inú kọ̀ǹpútà sítọ̀ọ̀ dé orí kíláòdù, ó mú ohun tó yẹ kó máa lọ, ó sì fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa balẹ̀ sí hàn ẹ̀rọ náà. Èyí tó kù ni àkókò. Ó yan ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ṣíwọ́, kó má bàa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ohun kan tó lọ. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an lójú ẹsẹ̀, ó sì lọ. Ìrọ̀lẹ́ tún dé, kò lọ. Ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ó yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, kò rí àléébù kankan.

Ó wá pinnu pé òun á jókòó tì í kí òun lè fojú ara òun rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rò pé òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, Ìyá Hajarat bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń dúró de àwọn nílé. Yẹ́misí ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Hajarat, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó wà ní Ìlọrin, bí kì í ṣe fẹ́ wọ bàtà nígbà tó wà ní kékeré, bó ṣe wá di ẹni tó ń ta bàtà báyìí. Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti jókòó ti ẹnìkan láìsí ohun tí ẹni náà fẹ́ kó tún ṣe.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí iná fi kú. Ayọ̀rìndé, ẹni tó ń ṣọ́ gééètì, ló wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, òun kò mọ̀ pé èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ló ní kí òun máa pa iná ọ́fíìsì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí dísù jẹnẹrétọ̀ má bàa tán. Ọ̀rọ̀ yé Yẹ́misí lójú ẹsẹ̀. Aago tí òun yàn ń dé, ó ń bá kọ̀ǹpútà tó ti kú. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e sí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí àwọn èèyàn sì ti ń múra àtijẹun. Ó lọ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ètò náà tún kó gbogbo ti àná pọ̀ mọ́ ti òní, garawa ọ̀dà wá di ìlọ́po méjì lójú àwọn ọ̀gá. Ó tún un ṣe kó lè máa mú kìkì ohun tó bá jẹ́ tuntun. Láti ìgbà náà, kò ṣàṣìṣe mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà, olórí àwọn oníṣirò owó, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní garawa ọ̀dà funfun kan. Ìyá Hajarat sìn ín dé gééètì. Wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ní kó má gbàgbé àwọn. Ó ní òun kò ní gbàgbé.

Ó fi ọ̀dà náà kun yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òun nìkan ló kùn ún, òun nìkan ló sì rí i.

Ohun kan wà tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Nígbàkígbà tí iṣẹ́ náà bá lọ, kíláòdù máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ètò náà, láti sọ pé ó ti parí, kò sí àṣìṣe. Ní ibòmíì, Yẹ́misí á ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò kó tó fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Èyí, ó fi í sílẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn aago méjìlá díẹ̀, fóònù rẹ̀ á dún, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ ló wà tàbí ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe wáyà ní Àgbárá. Á ṣí i, á kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tó bá ti kà á, á mọ̀ pé Ìyá Hajarat ti ń ṣí kúlà wọn, pé tó bá ṣe díẹ̀ sí i wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà. Lẹ́yìn náà, á dá fóònù padà sínú báàgì.

Ìyá Hajarat pè é lẹ́ẹ̀kan. Àárín àwọn ọ̀gá kan ló wà, kò lè gbé e. Nígbà tó pè padà, kò lọ. Ó tún gbìyànjú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lọ bákan náà. Ó rò ó pé bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ó tún rò pé tí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e, kí ni òun fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù.

Lọ́jọ́ kan, aago méjìlá kọjá, fóònù rẹ̀ kò dún. Lọ́jọ́ kejì, kò dún. Ó fẹ́ wọlé sórí kíláòdù láti wò ó, ṣùgbọ́n kò gba páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ó ti bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n á pè é. Ó jókòó de ìpè náà títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Nígbà tí kò rí ìpè, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàngó.

Ayọ̀rìndé rí i ní gééètì, ó dìde.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Kí ló bàjẹ́?”

Ó ní òun kàn ní kí òun yà wò wọ́n ni. Wọ́n mú un lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Akíndé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Akíndé bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Ó fi ètò náà hàn án: ó ń lọ lójoojúmọ́, kò fìgbà kan dúró rí.

“Orúkọ yín ni mo yọ kúrò, mà,” ni Akíndé wí. “Mo rí i pé ojoojúmọ́ ló ń ránṣẹ́ sí yín. Mo ní ó ti ń yọ yín lẹ́nu jù.”

Yẹ́misí ní ó ṣeun. Ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sítọ̀ọ̀, ó rí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí lórí àga. Ó béèrè Ìyá Hajarat. Akíndé ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù tó kọjá, òun kò sì mọ ilé wọn. Ayọ̀rìndé ló mọ̀ ọ́n. Ó júwe rẹ̀ fún un, nínú Ọ̀tà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan, ilé alájà kan tí wọ́n fi ṣíìtì irin dúdú ṣe gééètì rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ẹrù ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Hajarat jókòó lórí àpótí láàárín wọn, wọ́n ń di ìkòkò sínú aṣọ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a mọ̀.

“Yẹ́misí? Kí ló bàjẹ́?”

Ó kúnlẹ̀.

“Kò sí ohun tó bàjẹ́, mà. Ẹ̀yin ni mo wá kí.”

Wọ́n kó ẹrù kúrò lórí àga kan fún un, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún. Wọ́n sọ fún un pé Hajarat ti bímọ, ó sì ní kí àwọn wá máa bá òun gbé ní Ìlọrin. Ọ̀la ni ọkọ̀ máa wá kó ẹrù. Wọ́n ní àwọn kò rò pé àwọn á tún padà wá gbé Ọ̀tà mọ́.

“Mo pè ọ́ nígbà kan,” ni wọ́n wí.

“Mo pè yín padà, mà. Kò lọ.”

“Wọ́n ti jí fóònù ọ̀hún ní Ṣàngó, nọ́ńbà rẹ sì bá a lọ. Mo béèrè rẹ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní nọ́ńbà kọ́ńpìnì yín nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn, pé tí nǹkan bá bàjẹ́ ni kí èèyàn pè é.” Wọ́n so aṣọ náà ní kókó. “Mo mú fóònù, mo wá bi ara mi pé, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó bàjẹ́?”

Yẹ́misí fa ìkòkò kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Wọ́n di ẹrù títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á padà wá láàárọ̀.

Ó padà wá. Lucy, ọmọ Ègùn tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ló bá a gbé bẹ́ẹ̀dì jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, Ìyá Hajarat di ọwọ́ Yẹ́misí mú, wọ́n gbàdúrà fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì gba nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò Hajarat kò dára, kó má bínú bí ó bá pẹ́. Ó ní òun kò ní bínú. Ọkọ̀ náà rọra bọ́ sójú títì, ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún, wọn kò rí i mọ́.

Lucy ní òun ń lọ sí ibùdókọ̀, kí wọ́n jọ máa lọ. Wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lucy bi í bóyá ìyá rẹ̀ ni Ìyá Hajarat. Yẹ́misí ní rárá, àwọn jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà fún ìgbà díẹ̀ ni. Lucy ní òun ti rò pé ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà Ìdíròkò, Lucy dágbére, ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Yẹ́misí ra búrẹ́dì, ó dúró de ọkọ̀ Àtàn. Nígbà tí ọ̀kan dé, àyè kan ló kù ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì náà lé orí itan rẹ̀, ó sì ń wo àwọn ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, ògiri gígùn lẹ́yìn ògiri gígùn. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú púpọ̀ lára wọn.