Gàrí Tí Kò Kan

"Gbé e sókè díẹ̀, Bàbá Ọ̀rẹ́. Mi ò rí ojú ọ̀gá dáadáa."

Joel gbé fóònù náà sókè. Ọwọ́ Ìbítáyọ̀, ìyàwó rẹ̀, méjèèjì wà nínú gbágùúdá rírin títí dé ọrùn ọwọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló di fóònù mú fún un, bí ẹni tó ń gbé àtùpà fún ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nínú fóònù náà, láti Sáńbíà lọ́hùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Harold, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí tọkọtaya náà ti ń ṣiṣẹ́, ń fi àpò gbágùúdá kan tó ti bẹ́ lábẹ́ jáàkì han Ìbítáyọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń pariwo pé, "Màmá Gàrí! Màmá Gàrí!"

"Èkejì rèé tó máa bẹ́," ni Harold wí.

"Agbára lẹ fi ń yí jáàkì yẹn, sà," Ìbítáyọ̀ dáhùn. "Ẹ ká ẹnu àpò sábẹ́. Ẹ to pákó sórí rẹ̀ ní ìbú, kí jáàkì jókòó sí àárín gbùngbùn. Ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró kí omi ro tán, kẹ́ ẹ tó tún un yí. Omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara àpò ni yóò bá jáde."

"Mo ti gbọ́. À ń retí yín o, Igbákejì Ọ̀gá." Harold rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Kò kí Joel. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ Joel ló gbé fóònù náà dúró.

Kàmọ́rù bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà Ìjagun, ní Ìjẹ̀bú tí tọkọtaya náà ti wá lo ìsinmi, òun àti Joel sì jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. "Igbákejì kẹ̀! Joel, ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

"Olùkọ́ ìṣirò ni mí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń ṣírò ó ni. Bó o bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìyàwó rẹ á ní kó o wá sọ tẹnu rẹ. Bó o bá délé, wàá ní kó gbé oúnjẹ wá. Ta ni oúnjẹ yẹn máa kọ́kọ́ há lọ́nà ọ̀fun?"

"Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o," Ìbítáyọ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń rọ gbágùúdá sínú àpò.

Joel náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Sáńbíà, Joel ni wọ́n gbà síṣẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ náà ń wá. Wọ́n ní bí ìyàwó rẹ̀ bá lè kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, kó máa bá a bọ̀. Nínú ilé kékeré tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, "ìyàwó Fájọbí" ni gbogbo ènìyàn ń pe Ìbítáyọ̀. Wọ́n jọ ń jí lọ sí ìsìn òwúrọ̀, wọ́n jọ ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ lórí tábìlì kan ṣoṣo, bí ìwé ti ọ̀kan bá ti ń ga jù, á rọra ti ti èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Joel fẹ́ràn ayé yẹn.

Gàrí ló dà á rú. Gbágùúdá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fi í ṣe. Lọ́jọ́ tí Ìbítáyọ̀ fẹ́ fi yé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí nǹkan ṣe ń kan, ó kó wọn lọ sí oko ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n wú gbágùúdá, wọ́n rin ín, wọ́n fi jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù fún un. Nígbà tó kan dáadáa, wọ́n yan án. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Kò pẹ́ tó fi di oúnjẹ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn àlejò ń wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìparí sáà tó kọjá, Harold kéde nínú ìsìn pé Ìbítáyọ̀ ni yóò jẹ́ igbákejì òun. Joel pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Bí oyè náà ṣe dùn ún, gàrí dùn ún jù ú lọ. Gàrí Ìjẹ̀bú! Ọmọ Ṣakí ni Ìbítáyọ̀, ọmọ ilé èlùbọ́. Ìyá Joel ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ní ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Joel tí wọ́n bí sí ìdí agbada, tí èéfín rẹ̀ ń ta lójú láti kékeré, kò mọ̀ ju pé kó bu omi sí i lọ. Ìwé ni wọ́n ní kó gbájú mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé fún ìsinmi yìí, lẹ́yìn tí wọ́n já Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ wọn, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò Màmá ní Ayépé, ìyàwó ni Màmá kọ́kọ́ dì mọ́ kó tó kan Joel. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Màmá fi kí i, ọmọ Ṣakí náà sì fi Ìjẹ̀bú dáhùn.

Ìyẹn ni Joel fi dá ọgbọ́n kan tí òun nìkan yóò fi padà sí Sáńbíà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìpè Harold, ó sọ fún Màmá pé ìlú òkèèrè ti sú Ìbítáyọ̀, pé ó fẹ́ dúró ti Màmá fún ọdún kan, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Nígbà tó wọ yàrá, ó sọ fún Ìbítáyọ̀ pé Màmá ò fẹ́ dá wà mọ́, pé Màmá fẹ́ kó dúró ti òun, kò kàn fẹ́ ni í lára ni.

Ó mọ àwọn méjèèjì. Ìyàwó ilé kì í bi ìyá ọkọ pé, "Ṣé òótọ́ lẹ fẹ́ kí n dúró?" Ìyá ọkọ náà kì í bi ìyàwó pé, "Kí ló dé tí o ò fẹ́ bá ọkọ rẹ padà?" Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ara wọn ni yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìbítáyọ̀ kọjú sí ògiri. "Bí Màmá bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, màá dúró," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o bá mi sọ fún ọ̀gá."

Joel kò tíì sọ fún un.

Àpò méjì ni wọ́n gbé sábẹ́ jáàkì lọ́jọ́ tí Harold pè. Joel ń bi Màmá lójoojúmọ́ bóyá ó ti tó yan, kó lè gbé tirẹ̀ dání lọ. Màmá á tẹ̀ síwájú, á fi imú sún mọ́ àpò, á mi orí. "Kò tíì dé ibẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í gba ìkánjú."

Lọ́jọ́ tí Màmá àti Ìbítáyọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, Joel tú àpò kan. Ó fọ́ ọ, ó kù ú nínú ajọ̀, ó dáná sábẹ́ agbada. Ó ń fi igbá yí i síwá sẹ́yìn, òógùn ń ro sí i níwájú orí, inú rẹ̀ sì dùn. Gàrí náà gbẹ, ó funfun, ó dára lójú. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àwọn olùkọ́ ní Sáńbíà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Gàrí Ìjẹ̀bú láti ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Nígbà tí àwọn obìnrin dé, Kàmọ́rù ti jókòó, ó ń dúró de àwo tirẹ̀. Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife, ó da omi sí i, ó mu ún. Ó gbé ife náà sílẹ̀.

"Ta ló yan èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"O kú iṣẹ́. Kò kan." Màmá nu ẹnu. "Fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ẹ̀bà l'Ékòó. Wọn ò ní mọ̀."

Kàmọ́rù gbé ojú sókè ọ̀run kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ òfuurufú ò ní dúró de gàrí," Joel wí.

Ìbítáyọ̀ ló fẹ́ gbà á sílẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, Mà. Ó ṣì ku àpò kan. Bí mo bá ti dúró tì yín báyìí, màá máa yan èyí tó kan, màá máa fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ sáà ní ẹ ò fẹ́ dá wà mọ́."

"Èmi?" Màmá yíjú sí i. "Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

Ìbítáyọ̀ wo Joel.

"Ìwọ lo ní ìlú òkèèrè ti sú ọ," ni Màmá tún wí. "Mo ti kó gbogbo ìkòkò mi kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn nítorí rẹ. Mo wá ń gbàdúrà, mo ní kí ni wọ́n fi ṣe ọmọ yìí lọ́hùn-ún tí kò fẹ́ padà?"

Kàmọ́rù dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀rọ mi," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀.

Irọ́ kẹta wá sí Joel lẹ́nu. Ó dé orí ahọ́n, ó dúró níbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" Ìbítáyọ̀ bi í. Ohùn rẹ̀ ò le.

"Gàrí ìyá mi ni." Bí ọmọdé ló ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. "Gàrí ìyá mi ni, Ìbítáyọ̀. Ìlú mi ni. Èmi ni mo mú ọ lọ síbẹ̀. Nísinsìnyí, fóònù ni mò ń bá ọ gbé dání."

Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ìyá rẹ nìyí. Ìdí agbada nìyí. Joel, ta ló lé ọ kúrò níbẹ̀?" Ó ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó dáa. O ní mi ò lè dá wà. Ìyàwó mi, gbéra, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Òun ni kó dúró tì mí."

Ìbítáyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó tú gèlè ìpàdé rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí, ó lọ síbi àpò tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí jáàkì.

Fóònù Joel dún. Harold ni.

"Joel, mo rí gàrí rẹ. Mo fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa lọ pàdé. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń bọ̀?"

Joel dáhùn pé, "Igbákejì Ọ̀gá ń bọ̀, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìbítáyọ̀ ti gbọ́. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gèlè, ó na ọwọ́ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá fi irin jáàkì lé e lọ́wọ́.

"Díẹ̀díẹ̀ o," ló wí fún un. Ó gbé fóònù sétí. "Ẹ káàsán, sà. Ní ti Joel, ẹ fún mi di ọ̀la. Mò ń wò ó."

Joel bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yí irin náà, omi funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro láti ìdí àpò. Apá rẹ̀ fẹ́ tún un yí lójú ẹsẹ̀. Ó dá a dúró. Ó jókòó ti àpò náà, ó ń wo omi, ó sì ń dúró kó ro tán.