Àga Ẹ̀gbọ́n Mi

...láti ìgbà wo. Ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù bodè nìyẹn. Láti ìgbà wo lẹ ti ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìní yín? Mo ti dáhùn ìlà mẹ́jọ, mi ò ronú rárá. Bẹ́ẹ̀dì — láti ọdún tá a ṣègbéyàwó. Fíríìjì — ọdún méje, ẹni tó ni ín ní kí n gbé e sọ nù, mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi. Ìkòkò, aṣọ, tábìlì tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀... Mo kọ gbogbo ẹ̀ bí ẹni ń sáré. Ìlà kẹsàn-án ni ọkọ̀. Ibẹ̀ ni bíírò mi dúró sí.

Kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Oṣù mẹ́rìnlá. Ọdún kan ni òfin wọn wí, mo sì ti kọjá ọdún kan. Kọ ọ́, buwọ́ lù ú, kí o wakọ̀ wọlé. Ìyàwó mi ń dúró dè mí lódìkejì bodè. Ọdún kejì rèé tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. "Ẹ gbé ọkọ̀ yẹn bọ̀ o," ló wí lórí fóònù lánàá, "ilé jìn síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ kán." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ọkọ̀ wa ń bọ̀.

Ọkọ̀ wa.

Obìnrin aṣọ́bodè yẹn ò tiẹ̀ le mọ́ mi. Ńṣe ló ń ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé: "Bàbá, ẹni tó bá ń kó wá gbé lọ́dọ̀ wa pátápátá, a kì í gba owó bodè lórí ẹrù tó ti ń lò. Àmọ́ kó jẹ́ tiẹ̀ o. Kó ti lò ó fún ọdún kan. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e wá." Mo ní ó yé mi. Ìgbà yẹn ló yọjú wo inú ọkọ̀, ó rí tìmùtìmù méjì tí mo fi ti ẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ẹsẹ̀ yín ò kúkú tólẹ̀! Ṣé ọwọ́ òmìrán lẹ ti yá àga yẹn ni? Ẹ sún un síwájú jàre, kẹ́ ẹ̀yìn má baà pa yín."

Ó ti lọ sídìí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín ẹ̀ ò bá a lọ. Ó jókòó tì mí síbí...

Irin abẹ́ àga ló le. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ó ti dípẹtà, kò ṣeé sún. Èmi? Èmi tí mo ti fi ogún ọdún tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà lẹ́yìn fíríìjì àwọn èèyàn? Ẹ̀kán epo mẹ́ta ni. Ìṣẹ́jú kan. Mi ò tiẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án rí.

Díńgí náà ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi í sílẹ̀ ló wà. Ọkùnrin náà fi orí kan gbáko ga jù mí lọ. Tí mo bá wò ó, mi ò rí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn. Òrùlé ọkọ̀ ni mò ń rí, àti ìkọ́ kékeré tó máa ń fi fìlà rẹ̀ kọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń wakọ̀ láìrí ẹ̀yìn mi. Láàárọ̀ yìí, mo gbójú sókè, ìkọ́ yẹn sì ń mì, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fìlà kúrò níbẹ̀... Ọ̀nà ni. Ọ̀nà ló rí gbágungbàgun. Ọ̀nà ni.

"Kí nìyí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ìwé ilé ìwòsàn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú."

Kò kà á. Kápẹ́ńtà tó máa ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ayùn kàn án! Kò kà á, torí pé èmi ni mo gbé e wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí n bá òun di ọwọ́ náà mú. Mo dì í mú. Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn mú títí tó fi —

Rárá. Ì bá fún mi. Ká ní mo ní kó fún mi lọ́kọ̀ ni, ì bá fún mi. Ta ló ń sùn sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, tó ń fọ aṣọ rẹ̀? Èmi ni. Èmi tí mi ò jẹ́ fi ògbólógbòó èèlò sí fíríìjì oníbàárà kí n pè é ní tuntun. Ì bá fún mi...

Tó bá jẹ́ pé ì bá fún mi, kí ló dé tí mi ò sọ fún un?

Ìyàwó rẹ̀ ò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, wọ́n ní ó fọ́ àwo ìyá wa, mo sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ilé pé èmi ni mo fọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Olóòótọ́. "Olóòótọ́ mi," ló wí lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ rẹ̀, "èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ máa fi ọkọ̀ yẹn..." Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti tà á fún mi. Mo gbé ìwé tó buwọ́ lù jáde. Ó wo ibi tọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ti gbọ̀n. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi. Àtọjọ́ náà, orúkọ àbísọ mi ló ń pè mí.

Bàtà obìnrin aṣọ́bodè ti ń ró bọ̀. Ó máa tún yọjú. Ó máa tún rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sún àga yìí, kí ọ̀rọ̀ parí. Mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Irin náà rèé. Mo fà á —

Ó gbà. Kò le. Ìpẹtà kankan ò sí níbẹ̀. Àga náà sún síwájú díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi tólẹ̀... mo sì tì í padà. Mo yára tì í padà sáyè rẹ̀, bí olè tí wọ́n tanná sí lójú.

Ta ni mò ń pa àyè yìí mọ́ fún?

Kó lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Tó bá dé. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń jókòó sí etí àga, bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́ nǹkan, tí olóhun ń bọ̀ wá gbà á.

Ìlà kẹsàn-án. Láti ìgbà wo lẹ ti ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìní yín? Bàtà náà ń ró, ó ku ọkọ̀ kan. Bíírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa bá mi di ọwọ́ náà mú. Ohun tí mo máa kọ ò tiẹ̀ pọ̀ tó láti kún ìlà.

Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tó fi jẹ́ tèmi.