Ọ̀gbẹ́ni Àti-Bẹ́ẹ̀-Bẹ́ẹ̀-Lọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Àbà Arómimu, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín kó tó pòórá lórí mi. Ẹ̀yin náà lẹ rán mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ètò ìdàgbàsókè ti jáde fún àwọn ìran tí wọ́n ti tì sẹ́yìn, àwọn bíi tiwa tí ará ìlú ń pè ní ọmọ ẹrú, tí wọn kì í fọmọ fún. Àbúlé tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ètò yẹn ni wọ́n máa gbẹ́ kànga fún. Ìgbà karùn-ún tí mo lọ nítorí orúkọ wa nìyẹn, mo sì ti búra pé kò ní di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà.

Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú àwọn ará àbà mìíràn. Oòrùn mú, oorun sì gbé mi lọ.

Kò pẹ́ ni bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ jókòó lé mi létí." Mo tọrọ àforíjì, mo sún. Ó ní, "Ọ́fíìsì mà ti ń gbéra o." Mo gbójú sókè, lóòótọ́ ni, ilé ìjọba ìbílẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè bí òwú. Okùn ewúrẹ́ kan ń fì nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo tún ìró mi ró dáadáa, mo di okùn mú, mo gùn ún wọ inú ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ètò wà nídìí tábìlì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Màmá, níbo lẹ ti wá?"

"Àbà Arómimu, sà. Omi la wá tọrọ."

"Ẹ ti rómi mu, ẹ tún ń wá omi? Orúkọ yín ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ tán!"

"Orúkọ la rí, sà. A ò rómi."

Ó fẹ́ dá mi lóhùn, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ló jáde. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí, ó di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, ọ́fíìsì ṣáà ni. Ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ètò. Mo já a gbà lẹ́nu rẹ̀, mo ṣí i wò: Òkè-Àgbàrá, Ìdí-Ayùnrẹ́, Balógun-Ẹlẹ́ja, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ò sí níbẹ̀.

Ni ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan bá jáde láti inú ìwé, ó ń fọwọ́ pa ikùn. "Èmi ni Ọ̀gbẹ́ni Àti-bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀-lọ," ló wí. "Ẹ má bínú, Màmá, inú mi lẹ wà. Ogójì àbà ló wà níbẹ̀."

Mo gbétí lé ikùn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ohùn yín! Mo gbọ́ Rẹ̀mílẹ́kún tó ń pariwo pé korobá òun ti fọ́ lójú ọ̀nà odò. Àánú yín ṣe mí, inú sì bí mi.

"Bì wọ́n jáde," mo ní.

"Kò sáàyè nínú ìwé, Màmá."

"Ya ẹnu!"

Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀fun rẹ̀ dé ìgúnpá. "Aró" jáde. "Mi" jáde. "Mu" há. Mo fẹsẹ̀ ti àyà rẹ̀, mo ń fà. Òbúkọ náà fẹnu di ìró mi mú láti ẹ̀yìn, òun náà ń fà, n kò mọ̀ bóyá ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo ní bó di ọdún tó ń bọ̀, n kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ni mo bá tají. Apá bẹ́ǹṣì ni mo dì mú. Akọ̀wé obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń pè wá wọlé.

"Òkè-Àgbàrá! Ìdí-Ayùnrẹ́! Balógun-Ẹlẹ́ja! Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ!"

Gbogbo èèyàn dìde. Èmi jókòó.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? A ti pè yín."

Mo ní, "Ẹ ò tíì pè wá, ọmọ mi. Mú bírò."

Ó wo ojú mi, ó rí i pé n kò ṣàwàdà. Ó yọ bírò nínú irun rẹ̀. Mo pè é fún un díẹ̀díẹ̀: Aró. Mi. Mu. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kà á sí mi létí kí n tó dìde.