Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Ní Ògún Bínú Sí

"Bí obìnrin kan bá tú ẹ́ńjìnnì lágbo ilé yìí kí n tó kú, ẹ fún mi ní gèlè, kí n wé e lọ sọ́jà!"

Ògúnbùnmi ló búra bẹ́ẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gààrí ní Ìtàjí. Ó búra, ó lu àyà, ó tún fẹsẹ̀ janlẹ̀, bàtà rẹ̀ ọ̀tún sì já. Ó yẹ kí ó ti gbọ́ ohun tí bàtà náà ń sọ.

Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìrètí, ló ń bá wí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Wọ́n ti kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì: ìwé kíkà, ọṣẹ ṣíṣe, ẹ́ńjìnnì títúnṣe, nílùú Ọyẹ́, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo ayé rò pé ọṣẹ ni Monísọ́lá yóò mú. Ẹ́ńjìnnì ló mú.

Ọmọ́tọ́lá, tí ààrò rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ní, "Ìyá Ìrètí, ṣé wọ́n á dá yúnífọ́ọ̀mù fún un yín? Ṣòkòtò péńpé!"

"Bí wọ́n bá dá a, màá wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì dára ju tìrẹ lọ."

Ẹ̀rín ta. Yèyé, ìyá Ògúnbùnmi, tó jókòó sórí àpótí tó ń bó gbágùúdá, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè pé, "Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Yèyé."

Yèyé mú gbágùúdá mìíràn.

Ìdílé Ògúnbùnmi ń bọ Ògún, Monísọ́lá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì ti fi ń gbé pọ̀ láìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún Ògún pé, ọkọ rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó òun ti ń fọwọ́ pa irin kiri, ó yẹ kí òun fi nǹkan kún ètùtù. Ọdọọdún, epo pupa díẹ̀ ló máa ń ta sórí àdá àti ọkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé odindi kẹ́ẹ̀gì, ó da epo lé ẹ́ńjìnnì tó ń rin gbágùúdá lórí, títí ó fi ń dán bí ọmọ tuntun tí wọ́n fi àdí pa lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Gbágùúdá obìnrin mẹ́fà, tí wọ́n ti bó tán, sì wà nílẹ̀ gègèrè. Bí oòrùn bá wọ̀ kí wọ́n tó rin ín, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Làmídì, mẹkáníìkì ní Ìkọ̀lé. Làmídì yí ẹ́ńjìnnì po, ó pòṣé, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò jí. Ó ní ríǹgì ló jẹ. Ó tún ní kì í ṣe ríǹgì. Níkẹyìn ó nu ọwọ́, ó wo Monísọ́lá láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ju sípánà lọ. Ẹ bi ìyàwó yín léèrè ohun tó ń wá lọ sọ́dọ̀ irin."

"Mo wí, ẹ ò gbọ́!" Ògúnbùnmi ké. "Ògún ń bínú! Ìyá Ìrètí, bí gbágùúdá yìí bá fi bàjẹ́, o ò ní í tẹ Ọyẹ́ mọ́. Ó parí!"

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìdánwò wọn. Ìwé mẹ́ta péré ni Monísọ́lá kà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níléèwé kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè ráyè lọ. Lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́. Lónìí, ó dìde. Ó wọlé, ó sì mú sípánà jáde láti inú àpò tó fi ń gbé Bíbélì.

"Má fọwọ́ kàn án o!"

"Bàbá Ìrètí, ọ̀bẹ tí mo fi ń bó gbágùúdá láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé igi ni? Àdá tí mo fi ń ṣán oko yín ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ pé làálàá ló wà lẹ́nu irin, Ògún mọ̀ mí. Ìgbà tí ìmọ̀ dé ló wáá gbàgbé orúkọ mi?"

Ó kúnlẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì.

Ohun àkọ́kọ́ tí Gift, tíṣà wọn, kọ́ wọn ni pé kí èèyàn tó bá ẹ́ńjìnnì jà, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tó jẹ. Monísọ́lá tú kábúrétọ̀, ibi tí bẹntiróòlù ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Bẹntiróòlù tó jáde pọ́n bí ọbẹ̀. Epo pupa ti dì sí ojú ihò kékeré tó ń gbà kọjá. Ó wo táǹkì. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù láti èṣí, àkísà ni wọ́n fi dí i, àkísà náà sì rin gbindingbindin fún epo.

Ó gbé abọ́ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ògún kò bínú. Ẹ̀yin lẹ bu ọbẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì."

"Ohun tí èmi náà fura sí nìyẹn!" Làmídì yára sọ.

"Kí lo wáá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fún?"

Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Monísọ́lá fọ gbogbo rẹ̀, ó tò ó padà, ó bu bẹntiróòlù tuntun sí i, ó fa okùn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún fà á. Kò gbin. Ni Ògúnbùnmi bá bẹ́ sí ijó, ó ń jó yí àtíbàbà ká: "Gèlè dà? Ẹ gbé gèlè wá, kí n rí i!"

Òógùn bo Monísọ́lá. Ó wolẹ̀, ó rí i: kò tíì ṣí táàpù bẹntiróòlù. Ó ṣí i bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Adìyẹ fò sórí òrùlé. Ògúnbùnmi dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ijó kù sí i lára.

Ọmọ́tọ́lá tú gèlè orí rẹ̀, ó nà án sí i. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ béèrè."

"Kábúrétọ̀ ló tú! N ò dárúkọ kábúrétọ̀!"

"Bàbá," Làmídì ní, inú rẹ̀ dùn pé ó ti kan ẹlòmíràn, "ara ẹ́ńjìnnì ni kábúrétọ̀."

Ọmọ Ògún kì í búra kó sẹ́. Ògúnbùnmi wé gèlè. Ó sì yẹ ẹ́, èyí ló dun Ọmọ́tọ́lá jù.

Nígbà tí gbágùúdá ti ń ya wọ inú àpò, ó rọra sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ìrètí. Ní Ọyẹ́ yẹn… ṣé wọ́n ń gba ọkùnrin?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n ń gbà."

"Kí wọ́n kọ orúkọ mi!" Ọmọ́tọ́lá ké.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀!"

"Ọkùnrin tó wé gèlè, ẹ yà fún mi!"

Làmídì fẹ́ mọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n máa ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù ti ń ti ara wọn.

Yèyé ju èèpo gbágùúdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kíláàsì ti kún," ó ní. "Èmi ni mo gba àyè tó kù."