Orí Ni Wọ́n Ń Kà ní Ìsun Erin

Ní ìlú àwọn ẹranko, Erin ni ọba, Ẹfọ̀n ni balógun, Ọ̀bọ ni akọ̀wé. Omi kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń mu, ìsun kan tí ń jáde lábẹ́ àpáta. Akàn àti aya rẹ̀ ní ń gbé inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Akàn a fi apá rẹ̀ méjèèjì kó iyanrìn kúrò lójú ìsun. Ẹnìkan kò bẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan kò dúpẹ́.

Nígbà tí ó yá, ọba ní omi kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́. Ó rán Ẹfọ̀n lọ wo bí àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣe é. Ẹfọ̀n dé, ó dìde láàárín ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, ní ìlú àwọn ẹyẹ, ẹni tí ó bá mu púpọ̀ ní ń san púpọ̀."

Erin wúkọ́.

"Ní ìlú àwọn ọ̀yà, ọba ní ń san fún gbogbo ìlú."

Ikọ́ náà le sí i. Wọ́n ní láti bu omi fún un.

"Ní ìlú kẹta, orí ni wọ́n ń kà. Orí kan, iṣu kan lóṣù."

"Orí mélòó ni mo ní?"

"Ẹyọ kan, Kábíyèsí."

"Ọlọ́gbọ́n ni àwọn ará ìlú kẹta."

Èèrà dìde. "Kábíyèsí, ìka kò dọ́gba. Bí gbogbo ìran mi bá mu omi yó, kò lè kún etí yín kan."

"Ẹ dín ọmọ bíbí kù," ni Ẹfọ̀n wí. Ìgbìmọ̀ tú ká.

Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí sínú ìwé. Ó dé ọ̀dọ̀ Akàn, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó gbé e dojú délẹ̀, ó tún dá a dùbúlẹ̀.

"Kí lẹ ń wá lábẹ́ ọkọ mi?" ni aya Akàn bèèrè.

"Orí rẹ̀ ni."

"A kò ní. Ẹni tí kò ní orí kò lè ní orí burúkú. Ẹ máa lọ."

Ọ̀bọ lọ. Tọkọtaya náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ iṣu.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹfọ̀n dúró létí omi. "Ẹni tí kò sí nínú ìwé kò sí ní ìlú. Ẹni tí kò sí ní ìlú kò gbọdọ̀ sí nínú omi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Akàn. Ẹyin wà lábẹ́ ikùn aya rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n kú nìyẹn.

"Balógun, èmi ni mò ń la ojú ìsun yìí. Ó dáa, màá san iṣu."

"Fún orí wo?"

Akàn mú aya rẹ̀, wọ́n jáde nínú omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn, pẹ̀lú ewé tútù lábẹ́ ikùn obìnrin náà, kí wọ́n tó dé odò kan. Ejò ni ọba ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà.

"Mẹ́wàá," ni Alángbá oníbodè wí. "Ìyá, tiyín náà mẹ́wàá."

Akàn walẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi san ogún iṣu. Ẹyin náà pa.

Nílé, iyanrìn bo ìsun. Ẹfọ̀n fi pátákò wa á, kò là. Inú bí Erin, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìsun dí pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú wọn. Erin fẹsẹ̀ rìn dé odò Ejò. A kì í rí àjànàkú kí a ní a rí nǹkan fìrí. Alángbá rí i dáadáa.

"Mẹ́rin. Èyí tó gùn yìí ńkọ́?"

"Imú mi ni."

"Ó kan ilẹ̀. Márùn-ún."

Erin rí Akàn nínú omi. Ó tẹ orí ba. "Akàn, a jẹ̀bi. Padà wálé wá la ojú ìsun. A ó fi ọ́ sínú ìwé."

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni mò ń san níhìn-ín. Aya mi mẹ́wàá. Tàwọn ọmọ, kí Ọlọ́run ṣàánú mi. Ìyà ni. Ṣùgbọ́n Alángbá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí nǹkan kà."

Erin na imú sí omi.

Alángbá na ọwọ́ dí i. "Iṣu márùn-ún, bàbá."