Ìlú Tí Yusrah Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

“Ibo gan-an ni ọmọ yín dé sí, Mà?” Obìnrin ọlọ́pàá tó wà lórí fóònù tún béèrè. “Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, tàbí àdírẹ́sì. Ohunkóhun.”

Àsúmáù dúró láàárín kíṣìnì rẹ̀ ní Peckham, aṣọ iṣẹ́ ọsibítù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Guanajuato ni ìlú náà ń jẹ́,” ó wí. Ó ti há orúkọ náà sórí bí ẹni há súrà. “Ní Mexico. Ìlú àtijọ́ ni. Ilé kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kan.”

“Àtẹ̀gùn wo, Mà?”

“Mi ò mọ̀.”

Obìnrin náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé àwọn á bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀. Ó ní kó lọ bi àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ léèrè ná. Ó ní kò sí ọ̀dọ́ tó ń rìnrìn-àjò láyé ìsinsìnyí tí ẹnì kan ò ní mọ ibi tó sùn.

Ẹnì kankan ò mọ̀. Ohun tó ń já Àsúmáù láyà gan-an nìyẹn, torí òun fúnra rẹ̀ ló rí sí i pé ẹnì kankan ò mọ̀.

Ẹ ò mọ Àsúmáù ni. Obìnrin yìí lè lọ Mẹ́kà kó sì padà dé, kí aládùúgbò rẹ̀ máa rò pé búrẹ́dì ló lọ rà ní Rye Lane. Kì í sọ ìrìn-àjò. Kì í sọ oyún, kì í sọ ìdánwò, kì í sọ iṣẹ́ tuntun títí tí iṣẹ́ náà á fi gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ayé ló ń sá fún. Nígbà tí Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, parí yunifásítì, tó ní òun fẹ́ lọ wo ìlú kan ní Mexico, tí Rosaline ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ lọ sì wá yẹ àdéhùn nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀, Àsúmáù kò kọ́kọ́ gbà. Ọmọ sunkún, ọmọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ìyá máa gbà, ó gbé Kùránì sílẹ̀, ó ní kí ọmọ gbọ́wọ́ lé e.

“O ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. O ò ní gbé fọ́tò kankan síta títí wàá fi padà wọlé yìí. Orúkọ ilé tí o dé sí, èmi gan-an, má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. A ò mọ ẹni tó ń gbọ́.”

“Waris ńkọ́, Mummy? Ó ti débẹ̀ rí. He can help me.”

“Waris gan-an ni mò ń wí.”

Sàká, ọkọ rẹ̀, wà ní Ìlọrin níbi tó ti ń bójú tó ilé tó ń kọ́. Spain ni Àsúmáù sọ fún un pé ọmọ lọ.

Ẹ̀yin náà á béèrè pé kí ni Waris ṣe. Waris ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ Àǹtí Bàrákàt ni, ẹ̀gbọ́n Sàká tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Deptford. Òun ló jókòó nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, tó ń ròyìn ìlú náà, tó ń fi fọ́tò hàn, tí ojú Yusrah sì ń tàn yòò. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Nígbà tí Yusrah ṣì kéré, Àsúmáù lóyún kejì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra, Àǹtí Bàrákàt ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oyún wálẹ̀. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, nǹkan rere kan kò tún gba ẹnu Àsúmáù dé etí obìnrin yẹn mọ́.

Wàyí o, láti Ọjọ́bọ̀ ni Yusrah ti dákẹ́. Ọjọ́ Sátidé rèé. Gbogbo ohun tí Àsúmáù fi ránṣẹ́ ní Wásáàpù, àmì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì dé orí fóònù ọmọ náà. Ó jókòó, ó tún tẹ àwọn ohùn tí ọmọ náà ti gbà ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

“Mummy, ẹ ò ní gbà gbọ́. Gbogbo ilé tó wà lórí òkè ni wọ́n kùn. Pupa, yẹ́lò, búlúù, bíi pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fún ní brush. Ọ̀nà ibẹ̀ há gan-an. Tí èèyàn méjì bá pàdé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn.”

Èkejì: “Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn mọ́tò ń gbà, Mummy, I swear. Wọ́n ní odò ló ń ṣàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣókùnkùn, ó tutù, omi ń kán láti òkè. Mo fẹsẹ̀ rìn ín já.” Lọ́jọ́ tí Àsúmáù kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà kíá: Má gba ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, Yusrah ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ó ń sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi góòlù ṣe inú rẹ̀. Ó ní àwọn ará Spain ló kọ́ ọ torí fàdákà tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. “Ó rẹwà, but it’s sad. Àwọn tó wa fàdákà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò jáde.”

Ẹ̀kẹrin ló burú jù. “Mo lọ wo àwọn òkú, Mummy. Òkú àtijọ́ tí kò jẹrà. Wọ́n tò wọ́n sínú gíláàsì. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀ bíi pé wọ́n ń kígbe. Ọmọ ìkókó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣàdúrà fún wọn, mo jáde.”

Láti ìgbà náà, kò sọ nǹkan kan mọ́.

“Lá iláhà illalláhù,” ni Àsúmáù wí sókè. Kí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ òkú tí wọn ò sin? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Tó bá pa ojú dé, ihò abẹ́ ilẹ̀ yẹn ló ń rí, Yusrah sì ń dá rìn nínú rẹ̀. Tó bá la ojú, àwọn ẹnu tó ṣí sílẹ̀ yẹn ló ń rò. Ó ti lọ bá Rosaline ní Nunhead. Ọmọ ọlọ́mọ ní òun ò mọ ilé tí Yusrah wá dé sí, pé Yusrah ní ìyá òun ló ní kí òun má sọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Àsúmáù mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kàn ń sá fún un ni. Ó fi hìjáábù borí, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì Deptford. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń bẹ Ọlọ́run pé bí ó bá jẹ́ pé sísọ ló máa ba ọmọ òun jẹ́, kó dárí jì òun, òun ò mọ ibòmíì tí òun lè gbà mọ́.

Àǹtí Bàrákàt ń tún etí gáùn kan rán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. “Ìyàwó! Ẹsẹ̀ rẹ rèé? Ṣé kò sí o?”

Àsúmáù kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí òwú kún. “Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbà mí. Yusrah ni.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó wà ní Mexico. Mi ò gbóhùn rẹ̀ mọ́ láti Ọjọ́bọ̀.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. “Mexico kẹ̀? Sàká sọ fún mi pé Spain ló lọ.”

“Spain ni mo sọ fún un.”

Àǹtí Bàrákàt wò ó láti òkè délẹ̀. “Ọlọ́run á ṣàánú ọkọ ẹ.” Ó wá gbé orí sókè, ó fi gbogbo ohùn pariwo. “Waris! Sọ̀kalẹ̀ wá, kíákíá!”

Waris sọ̀kalẹ̀ láti òkè ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ń gbé, ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, ó kí Àsúmáù. Nígbà tí wọ́n rò ó fún un tán, ó lanu sílẹ̀.

“Guanajuato? Guanajuato tèmi? Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

Àǹtí Bàrákàt wo Àsúmáù, Àsúmáù wo ilẹ̀.

“Ó ń gba ohùn ránṣẹ́,” ni Àsúmáù wí, “àmọ́ kò dárúkọ ilé náà. Mo ti gbọ́ wọn títí.”

“Ẹ jẹ́ n gbọ́, Aunty.”

Ó gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó gbọ́ èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ó gbé ọwọ́ sókè. “Wait. Ẹ jẹ́ n tún un gbọ́. Ẹ fetí sí ẹ̀yìn ohùn rẹ̀.”

Lẹ́yìn ohùn Yusrah, aago ṣọ́ọ̀ṣì ń lù níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn aago náà dákẹ́. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dákẹ́ tán, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu ìkòkò tó sán. Bí Yusrah sì ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá ẹlẹ́yẹ ti tún jáde o. Òjò ń bọ̀, ó ń fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì bo àwọn ẹyẹ ẹ̀.”

“Mo ti mọ ibẹ̀!” ni Waris wí. “Aago yẹn! Gbogbo ìgbà ló máa ń pẹ́. Bàbá yẹn náà, fèrèsé mi ló kọjú sí. Aunty, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tí mo gbé gan-an ló wà. Inú fọ́tò mi ló ti rí i.”

Àsúmáù ti gbọ́ ohùn yẹn lórí ẹní ìrun, nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Kò gbọ́ aago kankan rí.

Waris ti ń pe obìnrin tó gbà á sílé nígbà náà lọ́hùn-ún, Doña Chela. Ó ń fi èdè Spain tó gé wẹ́wẹ́ ṣàlàyé. Obìnrin náà ní àwọn ilé kan wà lókè tí wọ́n ń gba àlejò. Ó ní iná ò sí ní àdúgbò àwọn láti ọjọ́ tí òjò ti rọ̀, àmọ́ òun á lọ kanlẹ̀kùn wọn. Ó ní kí wọ́n dúró.

Wọ́n dúró. Waris ò lè jókòó, ó ń rìn kiri láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Lójú inú Àsúmáù, ó ń rí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí tó ń kanlẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Ìyàwó,” ni Àǹtí Bàrákàt wí.

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo mọ ohun tí ò ń rò nípa mi láti ọjọ́ oyún yẹn.”

Àsúmáù ń ṣa òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀.

“Mo gbé omi ọbẹ̀ wá fún ọ lọ́jọ́ kejì. O ní kí wọ́n sọ fún mi pé ò ń sùn. Mo rí kọ́tìnì tó mì. Ẹnu géètì ni mo ti sunkún oyún náà, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo padà sílé. Inú èmi náà bàjẹ́, Àsúmáù. Ọmọ àbúrò mi ni.”

Omijé bọ́ lójú Àsúmáù. Ó fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, bó ṣe jókòó yẹn, tí ó ń sunkún, ẹ̀rù obìnrin náà ṣì ń bà á. Ohun tó ti wọni lára láti ọjọ́ pípẹ́ kì í jáde lójú ẹsẹ̀.

Fóònù Waris dún. Fídíò ni. Ojú Doña Chela gba gbogbo rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Àtẹ̀gùn òkúta ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri búlúù kan kọjá, ilẹ̀kùn kan, yàrá kékeré kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mummy?”

Àsúmáù ké débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta yọjú. “Yusrah! Alhamdulilláhì! Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́? Ta ló ṣe ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ṣe mí, Mummy. Òjò ni, mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Fóònù mi já bọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ó fọ́ yángá. Ẹsẹ̀ ò ṣẹ́, ó kàn rọ́ ni. Mi ò lè pè yín, mi ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí. Tiyín gan-an, I only know the first bit.”

“O ò lè fi fóònù ẹlòmíì kọ ọ́ sórí Instagram, kí ẹnì kan rí i kó wá sọ fún mi?”

Àwọn aago ti ń dún lọ́hùn-ún.

“Màmá onílé fẹ́ yá mi ní tiẹ̀ kí iná tó lọ. Mo ti fẹ́ ṣe é. Àmọ́ mo gbọ́wọ́ lé Kùránì, Mummy. Ẹ ní kí n má gbé nǹkan kan síta.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ọmọ tó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àsúmáù fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ òun dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, ó fẹsẹ̀ rírọ́ lélẹ̀, ó ń pa àṣẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Ta ló wá fẹ́ ṣe é níbi jù bẹ́ẹ̀ lọ?

“Mo tú ẹ sílẹ̀,” ó wí. “Mo ti tú ẹ sílẹ̀, ṣé o gbọ́ mi? Kí Waris ya fọ́tò ẹ báyìí, níbi tí o dùbúlẹ̀ sí yẹn, kó gbé e síta. Kó kọ orúkọ ìlú náà sí i. Kó kọ ti àtẹ̀gùn náà sí i.”

“Mummy, gbogbo èèyàn ló máa rí i o.”

“Kí wọ́n rí i. Màá pe bàbá ẹ, màá sọ fún un pé kì í ṣe Spain.”

“Ẹ sọ fún Daddy pé Spain ni?”

Waris bú sẹ́rìn-ín. Aago tó máa ń pẹ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Àsúmáù sì gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Waris. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ṣì ń kígbe pé kó má ṣe é, kó yáa pa fóònù náà, kó fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ pamọ́ kó sì lọ sílé. Ó yíjú sí Àǹtí Bàrákàt.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí, “ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ṣàdúrà fún un.”

Ó sì na fóònù náà sí i.